Ìyá Sítúdíò àti Àwo Kejì Ẹgbẹ́ Àgbàrá

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń yà sí ìloro mi nírọ̀lẹ́, tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, ẹ jókòó dáadáa lónìí. N kò ní yan iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ojú mi rí nídìí iṣẹ́ tí èmi ṣe ni mo fẹ́ sọ, kí olúkúlùkù yín wò ó bóyá èjìká òun lè gbé irú rẹ̀. Múlíkátù ni orúkọ tí àwọn òbí mi sọ mí, ṣùgbọ́n ní Òmù-Àrán níbí, Ìyá Sítúdíò ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Gbígba ohùn ènìyàn sílẹ̀ ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe: ohùn oníwàásù, ohùn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn àwọn obìnrin oníwákà, àti níkẹyìn, ohùn ọmọkùnrin kan tó ń ké bí ẹni tí ilé ń jó mọ́ lórí.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ kò gùn. Bàbá mi, àgbẹ̀ ni ní Òwu-Ìsin, ó fẹ́ kí n kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ. Ọ̀dọ̀ aránṣọ ni mo ń lọ ní Òmù-Àrán lọ́jọ́ náà tí mo gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń kọrin láti inú yàrá kan. Àfi bí wọ́n ṣe fi obìnrin náà fúnra rẹ̀ hàn mí níwájú ilé, tó jókòó, tó ń jẹ àgbàdo. Ẹnu rẹ̀ ń jẹun níta, ohùn rẹ̀ ń kọrin nínú ilé. Mo dúró síbẹ̀, n kò dé ọ̀dọ̀ aránṣọ mọ́ títí di òní.

Ọ̀gá Ìdòwú ló ni yàrá náà. Ènìyàn gíga tó gbẹ bí igi ni, kì í sì í rẹ́rìn-ín lásìkò iṣẹ́. Onígbàgbọ́ ni, mùsùlùmí ni mí. Bí àkókò ìrun bá tó, á dá iṣẹ́ dúró fún mi láìjẹ́ pé mo bèèrè. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òjò orí páànù nìkan ló lè dá a dúró. Ó pẹ́ gan-an kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Wáyà ni mo ń ká. Bí mo bá ká a lódì, á tú u dà sílẹ̀, á ní kí n tún un ká. Lẹ́yìn náà á ní kí n jókòó sórí àpótí, kí n di ojú, kí n sọ ohun tí mo gbọ́ fún òun. Èmi á ní orin ni mo gbọ́. Òun á ní, "Gbogbo ayé ló gbọ́ orin. Kí ni ìwọ gbọ́?"

Díẹ̀díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn akọrin náà ní ọ̀fìnkìn, pé ẹnì kan ń mi ẹsẹ̀ nínú bàtà tó ti já, pé ẹyẹ kan wà lábẹ́ páànù. Bí ojú bá farabalẹ̀, á rí imú. Etí náà rí bẹ́ẹ̀.

Téèpù ńlá tó ń yí lórí ẹ̀rọ ni à ń lò nígbà náà. Bí akọrin bá ṣe àṣìṣe, abẹ la fi ń gé ibẹ̀ kúrò, kí a tó fi ohun àlẹ̀mọ́ so ó pọ̀. Ọjọ́ tí ọ̀gá kọ́kọ́ gbé abẹ lé mi lọ́wọ́, orin tí obìnrin kan kọ fún ọmọ rẹ̀ tó kú ló fún mi. Mo fẹ́ fi hàn án pé mo mọ iṣẹ́. Gbogbo ibi tí obìnrin náà ti mí kanlẹ̀ ni mo gé dànù, orin wá ń lọ geerege. Ọ̀gá gbọ́ ọ parí, kò pariwo. Ó ní kí n lọ ṣa àwọn ègé téèpù náà nínú garawa ìdọ̀tí, kí n so wọ́n padà síbi tí wọ́n wà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ ṣú mọ́ mi nídìí rẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo parí, ó bi mí pé, "Obìnrin yẹn ò lè kọ ọ́ láìmí. Kí ló dé tí o fẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́ ọ bí ẹni pé kò dùn ún?"

Ẹ má rò pé mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo kórìíra rẹ̀ dé orí ẹní ni.

Ìgbà ò lọ bí òréré. Kásẹ́ẹ̀tì dé, téèpù ńlá kógbá wọlé. Kọ̀ǹpútà dé, kásẹ́ẹ̀tì náà di ohun tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Ọ̀gá ti darúgbó nígbà tí mo fi kọ̀ǹpútà hàn án. Mo gé ohùn kan kúrò lójú rẹ̀, mo sì dá a padà kí ó tó ṣẹ́jú. Ó mi orí. Ó ní ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ tí àṣìṣe rẹ̀ ṣeé dá padà kíákíá báyìí, kó ṣọ́ra ju ti ìgbà àwọn lọ, torí pé ẹ̀rù kò ní í bà á mọ́. Kò pẹ́ sígbà náà tó jáde láyé. Mo kó àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí yàrá méjì lẹ́yìn ilé ọkọ mi, mo gbé tìmùtìmù kọ́ ara ògiri kí ariwo má baà jáde, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Irun mi ti funfun kí ẹgbẹ́ Àgbàrá tó wọlé tọ̀ mí wá. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n. Ráṣídì, ọmọ Ìsánlú-Ìsin, ló ń kọrin, ó sì ń ta jìtá tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Tìmí, tíṣà ni nígbà náà, òun ló ń ta jìtá tó ń ké lókè. Dọlápọ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò lè fura sí, ló ń lu ìlù òyìnbó. Orin òyìnbó tó kún fún igbe, tí wọ́n ń pè ní hẹ́fì mẹ́tà, ni wọ́n ń kọ, ní èdè Yorùbá. Ẹ̀yin mọ irú orin bẹ́ẹ̀ lórí fóònù yín. Èmi ò gbọ́ ọ rí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Ráṣídì la ẹnu, mo ṣí ohun ìgbọ́ràn kúrò létí mi bí ẹni tí kòkòrò ta. Àfáà mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wá, ó kí mi dáadáa, ó béèrè ìlera ọmọ àti ọkọ, ó wá rọra béèrè bóyá ẹni tí à ń nà nínú ilé náà ti jẹ́wọ́ tán.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo di ojú bí ọ̀gá ṣe kọ́ mi, mo gbọ́ nǹkan kan. Nínú gbogbo igbe yẹn, Ráṣídì kì í jẹ́ kí ohùn ọ̀rọ̀ yẹ̀. Ọkọ́ kì í di ọkọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo dé ohun ìgbọ́ràn padà, a sì ṣe àwo kìn-ín-ní. Àwo náà rìn ju bí a ti rò lọ. Ilé iṣẹ́ kan ní Èkó ní àwọn fẹ́ gbé èkejì jáde, bí a bá lè parí rẹ̀ kí òjò tó dáwọ́.

Láàárín àwo méjèèjì ni nǹkan ṣẹlẹ̀ nílé Ráṣídì. Bàbá rẹ̀ lọ sóko láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ajínigbé pàdé rẹ̀ lọ́nà. Wọ́n wá a títí. Títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, a kò rí i, a kò sì rí òkú rẹ̀. Ìyá Ráṣídì ṣì ń pọn omi sínú búútà àlùwàlá ọkọ rẹ̀, ó ń gbé e sẹ́nu ọ̀nà.

Báyìí ni wọ́n ṣe wá ṣe àwo kejì. Ráṣídì kò sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ó kọ orin kan tó pè ní "Ọ̀nà Oko", ó sì ń tì í síwájú. Bí a bá ní ká ṣe é, á ní ó di ìgbẹ̀yìn. Àwọn orin tó kù ló ń fi agbára kọ bí ẹni tó ń bá ènìyàn jà. Tìmí ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ nítorí àwo náà, òun sì ni ilé iṣẹ́ Èkó máa ń pè. Fóònù rẹ̀ kò gbọdọ̀ dún kí ojú gbogbo wọn má yí padà. Wọn kì í jẹun pọ̀ mọ́. Ọ̀pá ìlù ń kán lọ́wọ́ Dọlápọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èmi ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan kan lábẹ́ igbe Ráṣídì, bí aṣọ tó ń fà ya díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbọ́ mi yé: irú orin yẹn, ohùn yíya ló fi ń dùn. N kò mọ èyí tó jẹ́ orin, n kò mọ èyí tó jẹ́ àìsàn. Mo dá iṣẹ́ dúró, mo bi í léèrè. Ó ní, "Mọ́mì, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn rẹ̀ ti há nígbà tó ń kí mi. Mo ní kí a má ṣiṣẹ́. Tìmí ní orin méjì péré ló kù, pé àwọn ará Èkó tún ti pè. Dọlápọ̀ ní kí àwọn sinmi díẹ̀. Mo sọ fún Ráṣídì pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní òun á ṣe ẹyọ kan, òun á sì lọ sinmi. Ó wọ inú yàrá, ó dúró nídìí máìkì.

Àárín orin ni ohùn náà ti já. Kò rẹlẹ̀, kò há. Ó kàn já ni. Dọlápọ̀ ṣì ń lu ìlù lọ torí pé kò rí ojú rẹ̀ láti ibi tó wà. Èmi rí i láti ojú gíláàsì tó wà láàárín yàrá méjèèjì. Ó di igi máìkì mú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, n kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ létí mi. Lẹ́yìn náà ni mo rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ funfun tí mo fi bo máìkì.

Tìmí ló wa ọkọ̀ dé Ìlọrin. Ẹ̀yìn ni àwa yòókù wà. Ráṣídì ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, Dọlápọ̀ sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́nu, kò gbé e kúrò títí a fi dé ọsibítù. Dókítà tó wò ó sọ fún wa pé iṣan kan ti bẹ́ níbi tí ohùn ti ń jáde. Ó ní kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ rárá, kódà kò gbọdọ̀ sọ wúyẹ́wúyẹ́. Tìmí bi í bóyá yóò tún lè kọrin. Dókítà ní òun lérò pé yóò sọ̀rọ̀. Ní ti igbe, òun ò lè ṣèlérí.

Bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ la ṣe wà lẹ́yìn ìyẹn. Ráṣídì máa ń wá jókòó ní sítúdíò, á kọ ohun tó bá fẹ́ sọ sórí fóònù rẹ̀, á nà án sí wa. Ìyá rẹ̀ ń wá láti Ìsánlú-Ìsin, á gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún un nínú fúláàsì, nítorí ohun líle kò ṣeé gbé mì. Ó máa ń bi mí pé, "Alájà, ṣé ó ti sọ nǹkan?" Mà á ní kò tíì sọ nǹkan, àmọ́ Ọlọ́run ń bẹ. Láàárín ìgbà náà, ilé iṣẹ́ Èkó pe Tìmí. Wọ́n ní bí àwo náà kò bá tẹ àwọn lọ́wọ́ kí oṣù tó parí, kí wọ́n gbàgbé rẹ̀. "Ọ̀nà Oko" nìkan ló kù tí kò ní ohùn. Ìlù àti jìtá rẹ̀ ti wà nílẹ̀. A lè parí èyí tí Ráṣídì dé àárín rẹ̀ nípa fífi ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ dí i.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí ooru mú ni Tìmí gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọlé. A ti ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Ó so ó mọ́ ẹ̀rọ mi, ó tẹ̀ ẹ́. Ìlù Dọlápọ̀ bẹ̀rẹ̀, jìtá wọlé, lẹ́yìn náà, Ráṣídì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Ráṣídì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹnu rẹ̀ pa dé.

Tìmí ti fi àwọn ohùn inú àwo kìn-ín-ní kọ́ ẹ̀rọ kan bí yóò ṣe máa fara wé Ráṣídì, ẹ̀rọ náà ló ń kọ "Ọ̀nà Oko". N kò ní purọ́ fún yín, ó dára. Mo wá àléébù kan lára rẹ̀, n kò rí i. Ohùn Ráṣídì ni, bó ṣe wà kó tó já. Dọlápọ̀ dìde lórí àpótí rẹ̀, ó ní kí ó pa á. Tìmí kò pa á. Ó ní, "Ohùn rẹ̀ ni, kì í ṣe ohùn ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni. Ta la jí i lọ́wọ́ rẹ̀?"

Mo ní èmi ò ní fọwọ́ sí i. Tìmí yíjú sí mi. Kò bínú, ó dà bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní ṣé nígbà tí mo ń fi abẹ gé téèpù, tí mo ń mú ibi tó dára so mọ́ ibi tó dára, bí ẹni náà ṣe kọ ọ́ ni àwọn èèyàn ń gbọ́? Ìbéèrè náà wọ̀ mí lára. Gbogbo wa wá wo Ráṣídì, torí òun ló ni ohùn. Ó mú fóònù, ó kọ ọ́ pé kí Tìmí tún un gbé sí i. Ó fẹ́ gbọ́ ọ dáadáa.

Tìmí yí i sókè. Orin náà dé ibi tí ọmọ ti ń pe bàbá rẹ̀ lójú ọ̀nà oko.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ní àgbàlá, ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré láìwọ bàtà. Ìyá Ráṣídì ló wọlé, fúláàsì ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀, ìborùn rẹ̀ ti já bọ́ sí èjìká. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kó tó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè wò ó. Lẹ́yìn náà ló rí ọmọ rẹ̀ tó jókòó, ẹnu rẹ̀ pa dé, ohùn rẹ̀ sì ń jáde lára ògiri. Ó wo ọmọ, ó wo ẹ̀rọ, ó tún wo ọmọ. Ohùn náà ń pe ọkọ rẹ̀ lọ. Ó wá rọra béèrè pé, "Ta ló ń pè é?"

Tìmí pa orin náà. Ráṣídì dìde, ó gba fúláàsì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó fà á lọ́wọ́, wọ́n jáde. Tìmí gbé orí lé tábìlì, ó pẹ́ kó tó gbé e sókè. Kò sẹ́ni tó sọ fún un kó tó pa ohùn náà rẹ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Lójú wa níbẹ̀ náà ló pe Èkó, ó ní àwo kò tíì ṣe tán, àwọn kò sì mọ ìgbà tí yóò ṣe tán. Àwọn náà já wa sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wí.

Oṣù gorí oṣù. Tìmí padà sídìí iṣẹ́ tíṣà ní ilé ìwé mìíràn. Dọlápọ̀ máa ń wá nu eruku lára ìlù rẹ̀, á jókòó tì mí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí a ti ń lo ẹ̀rọ. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Àwo tí kò jáde pọ̀ nínú àpótí mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe já sí, nítorí mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè. Àwo náà jáde nígbẹ̀yìn. Àwọn ọmọ náà fúnra wọn ló gbé e síta. Kò rìn tó ti àkọ́kọ́. Àwọn kan bínú sí "Ọ̀nà Oko" tó gbẹ̀yìn, wọ́n ní kì í ṣe hẹ́fì mẹ́tà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Dọlápọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ mi báyìí, ẹni tó bá wù nínú yín lè lọ bá a, ṣùgbọ́n wáyà ni yóò kọ́kọ́ ká. Bí ẹ bá sì bi mí kí ni iṣẹ́ náà gbà lọ́wọ́ ẹni, n kò ní sọ pé etí ni. Sùúrù ni, àti ìgboyà láti jókòó ti ohun tó ń dun ẹlòmíì láìyẹjú.

Ọjọ́ tí a parí rẹ̀ ni mo fẹ́ fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ọyẹ́ ti dé. Ráṣídì wá kí mi, mo sì gbọ́ ohùn tuntun lẹ́nu rẹ̀. Ó ti lọ sílẹ̀, ó wúwo, kò lè gòkè mọ́. Ó ní dókítà ti fún òun láyè láti kọrin bí òun bá lè ṣe é láìké. Ó ti pe Tìmí àti Dọlápọ̀. Ó tún mú ìyá rẹ̀ dání, ó ní kó wọlé, kó jókòó sínú yàrá níbi tí òun ti ń kọrin. Ìyá náà kọ́kọ́ ní rárá. Ráṣídì ní, "Ìyá mi, ẹ wò mí lẹ́nu."

Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga kékeré kan, ó gbé ọwọ́ lé itan. Tìmí ta jìtá bí ìgbà àtijọ́, láìdín in kù. Dọlápọ̀ lu ìlù bí ẹni tó ń lagi. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé wọn á bo ọmọ náà mọ́lẹ̀, tàbí kí ó fẹ́ ké bá wọn kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tún bẹ́. Mo gbé ìka lé bọ́tìnnì tí mo fi lè dá wọn dúró. Ráṣídì kò ké. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ náà sísàlẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta nínú odò tó kún. Ó ń wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń wò ó lẹ́nu. Ó pe bàbá rẹ̀ ní orúkọ. Ó kọ ọ́ parí.

A jẹ́ kí ìró jìtá tán nílẹ̀. Ìyá náà béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ó ti wọlé sínú ẹ̀rọ. Mo ní ó ti wọlé. Ó ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ọ. Mo gbé ohun ìgbọ́ràn dé e lórí ìborùn rẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́. Ó di ojú. Nígbà tó parí, ó ṣí i kúrò létí, ó dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó wo ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "Ohùn bàbá rẹ nìyí."

Mo na ọwọ́, mo pa ẹ̀rọ.